Ìṣẹ́jú Méjìdínlógún Nínú Kòtò Ẹfun

Yàrá òkè, Ìlaròó,
Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ mọ́júmọ́ Ẹtì.

Ọmọ́délé ọ̀rẹ́ mi,

Ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kí n sùn láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn: bí ènìyàn bá gbọ́ igbe, tí ó sì rò pé eré ni, ṣé a lè sọ pé ó gbọ́? Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé tí mo máa ń kọ lálaalẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fà á pa. Lálẹ́ yìí mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sí ọ, nítorí ìwọ lo ké.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kò gbọdọ̀ ṣáájú ìkíni. Báwo ni ara? Báwo ni apá? Ṣé ó ti ń jẹ́ kí o rí oorun sùn, àbí ọwọ́ tí kò sí mọ́ náà ṣì ń yún ọ lóru bí o ṣe sọ? Mo kí Àṣìkẹ́ ìyàwó rẹ tí ó ń sùn lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ ní ọsibítù Abẹ́òkúta. Mo kí Ìtẹ́olúwakìíṣí ọmọ rẹ. Ẹ kú ewu, ẹ kú ìfaradà. Ara tèmi le. Mo kàn ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí ènìyàn ń kọ síbẹ̀.

Àṣìkẹ́ jẹ́ iṣẹ́ rẹ fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní, "Dádì Ìtẹ́olúwa ní kí n sọ fún yín pé ẹ̀yin lẹ gba àwọn là. Wọ́n ní tí kì í bá ṣe pé ẹ jí Alákàn dìde, òkú méjì là bá gbé kúrò nínú kòtò yẹn." Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún, èmi sì dúró gbọọrọ bí òpó iná. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ nítorí rẹ, Pásítọ̀ sì ní kí n jáde síwájú kí ìjọ rí obìnrin tí Ọlọ́run lò. Ọmọ́délé, n kò lè jáde kí o tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yìí lọ́jọ́ náà. Ìwọ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já ìpè rẹ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò já a. Èmi ni mo pa fóònù.

O mọ èyí tó pọ̀ nínú ohun tí n ó kọ sísàlẹ̀ yìí. Fara dà á. Mo fẹ́ tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín, n ó fo ibi tó ń tì mí lójú.

Ọdún mẹ́ta la fi bẹ àwọn tó ni ọkọ̀ tó ń lọ sí òṣùpá kí wọ́n tó fún wa ní àyè tí kò ju àpótí bàtà mẹ́ta lọ, kí a lè fi Alákàn ẹ̀rọ wa ránṣẹ́ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ń yí, ọrùn kan tó ń nà, ojú kan lórí ọrùn, iná kan lábẹ́ ojú. Kò ju ìyẹn lọ, kò sì wúwo ju ọmọ ewúrẹ́ lọ. Ìwọ lo sọ ọ́ ní Alákàn nítorí ojú rẹ̀ tó yọ síta. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé kíkọ́ ẹ̀rọ náà kọ́ ni iṣẹ́ tó le jù, dídarí rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tó bá há lórí òṣùpá, kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe ìdánrawò. Ìwọ àti Basit awakọ̀ wa á gbé Alákàn lọ sí kòtò tí wọ́n ti ń wa ẹfun nígbà kan lẹ́yìn Ọjà-Ọ̀dàn, níbi tí eruku ti funfun tó sì lúbúlúbú bí eérú. Èmi àti Caleb ọmọ iṣẹ́ mi á jókòó síhìn-ín ní Ìlaròó, a ó fi páálí dí fèrèsé, a ó sì máa darí rẹ̀ láìrí i. Àwòrán kan ni yóò máa fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Àṣẹ tí àwa náà bá fi ránṣẹ́, a ó dá a dúró fún ìṣẹ́jú méjì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ó lè rí bí yóò ṣe rí lọ́jọ́ gidi.

Òfin yàrá náà, èmi ni mo kọ ọ́. Ohun tí Alákàn bá fi hàn wá nìkan la mọ̀. A kì í pe àwọn tó wà nínú kòtò. A kì í béèrè bóyá wàhálà kan jẹ́ òótọ́ tàbí pé Ọ̀ṣúnkẹ́mi ló dá a sílẹ̀. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ni adánniwò wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Wàhálà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ro ibi sí wa. Á kọ wàhálà sórí ìwé, á fi sínú àpò lẹ́tà, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa. Bí àkókò bá tó, á tú ọ̀kan nínú yàrá kejì, á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ ó sì ṣe é: lónìí ẹsẹ̀ kan kú, lọ́la eruku bo ojú. "Ẹ má bínú sí mi o," ló máa ń wí, "òṣùpá burú jù mí lọ."

Ṣé o rántí ọjọ́ ejò? Ìdánrawò kẹrin ni. O pè mí, ohùn rẹ ń gbọ̀n: "Túnbọ̀sún, ejò ti bu Basit jẹ o, ó ń kú lọ!" Mo ju ohun gbogbo sílẹ̀, mo fò sórí ọ̀kadà, mo sunkún láti Ìlaròó dé Ọjà-Ọ̀dàn débi pé ọlọ́kadà ń bi mí bóyá ọkọ mi ló kú. Nígbà tí mo dé kòtò, Basit jókòó sórí táyà àlòkù kan, ó fi aṣọ wé ẹsẹ̀, ẹ ti da zobo sí aṣọ náà bí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rín sì ti fẹ́ pa á. Kò tilẹ̀ lè ṣe eré náà parí. "Ẹ má bínú, Ìyá Òṣùpá," ó ní, "mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má rán mi nírú iṣẹ́ yìí, mi ò mọ irọ́ pa." Ìwọ na àgbàdo sísun sí mi, o ní, "Jẹun, opó ẹni tí kò kú." Ọ̀ṣúnkẹ́mi kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé olùdarí fi ìjókòó sílẹ̀ nítorí igbe, bí ó bá ṣe òṣùpá ni, ẹ̀rọ ì bá ti sọnù. Òótọ́ ló kọ. Ojú tì mí. Mo búra lọ́jọ́ náà pé igbe kankan kò tún ní gbé mi kúrò lórí ìjókòó mọ́.

Lẹ́yìn èyí la fẹnu kò sórí gbólóhùn kan tí yóò máa dá eré dúró. Ìwọ lo yàn án: "Ìdánrawò ti parí." Ẹni tí kò bá sọ ọ́, eré ló ń ṣe. Gbogbo wa fọwọ́ sí i. Èmi tí mo máa ń ka ìwé títí ilẹ̀ fi ń mọ́, tí mo ti ka ìtàn ogun àti ìtàn ọkọ̀ ojú omi tó rì, kò wá sí mi lọ́kàn láti béèrè ẹni tí yóò rántí gbólóhùn nígbà tí àdá bá wà lókè orí rẹ̀.

A kọ ewu mọ́kànlélógójì sínú ìwé ètò wa: ooru, eruku, bátìrì tó rọ, òkúta tó bo oòrùn. Ènìyàn kò sí nínú rẹ̀, nítorí kò sí ènìyàn lórí òṣùpá. Ní ti kòtò, a lọ kí baálẹ̀, a kí ẹni tó ni oko ẹ̀gẹ́ tó yí i ká, wọ́n sì gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà igbó tí àwọn oníráìsì, àwọn onífàyàwọ́, ń gbà wọlé láti ẹ̀yìn bọ́dà gba etí kòtò náà kọjá. Èmi àti ìwọ mọ̀, ọmọ Ayétòrò ni wá. A kò kí wọn. Ohun tí wọ́n fi tọ́ wa ni pé ẹni tó bá pàdé oníráìsì lọ́nà á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò rí i, kò sì ní rí i. Ọmọlúàbí la rò pé à ń ṣe. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gba ibẹ̀ kọjá, à ń gbójú kúrò lára wọn. Alákàn nìkan ni kò gbójú kúrò. Ó ń na ọrùn, ó ń yà wọ́n ní fọ́tò.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ìbọn pa ọmọ ogún ọdún kan lórí ọ̀nà igbó yẹn, tòun ti àpò ráìsì lórí alùpùpù. Ọta wọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọrùn, ó gba ẹnu jáde, àpò tú, ráìsì sì dà sínú ẹ̀jẹ̀. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yìnbọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń jẹ́ Ọ̀jẹ̀túndé fi okùn de òkú náà mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó gun alùpùpù, ó gbé e wálé fún ìyá wọn. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, ẹnìkan béèrè pé ta ló júwe ọ̀nà fún oníbọn. Ẹlòmíràn ní, "Ẹ̀rọ tó ń wo ènìyàn nínú kòtò yẹn ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ náà kò nílò ju ìyẹn lọ.

Ìdánrawò kẹfà bọ́ sí Ọjọ́rú. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ni fóònù orí tábìlì dún, mo sì gbé e. Ìwọ ni. "Túnbọ̀sún, wọ́n ti yí wa ká o! Wọ́n ń pa wá o! Pe ṣọ́jà, pe ẹnikẹ́ni!" Lẹ́yìn rẹ, mo gbọ́ ohùn Basit: "Ẹ má pa á, oníṣẹ́ ni, ẹ gbọ́ mi ná!" Mo gbọ́ kùmọ̀ tó ń ba ẹran ara, ó dún bí ìgbà tí wọ́n ń ju àpò ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ láti orí ọkọ̀. Mo dúró de gbólóhùn wa. O kò sọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín sí Caleb, mo ní, "Wọ́n tún ti dé," mo sì pa fóònù. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí ohun gbogbo là ń kọ: 11:40. Ohùn Ọmọ́délé, igbe. Mo kà á sí ìdánwò. A tẹ̀ síwájú.

Àwòrán àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìpè náà, ẹsẹ̀ ènìyàn ni. Mo kà wọ́n: mẹ́rìndínlógún, àwọn mìíràn nínú bàtà rọ́bà. Àwòrán kejì, ìwọ lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ láti orí dé àyà ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ. Mo ní, "Zobo tòní mà pọ̀ o! Ta ni yóò fọ aṣọ yẹn?" Caleb rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ti ń wá bí n ó ṣe kọ gbólóhùn yìí láti ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń fọ́ ọ lórí, à ń rẹ́rìn-ín.

Nínú ẹ̀kẹta, Basit ti bọ́ sí àárín ìwọ àti wọn. Ó na apá méjèèjì bí ẹni tó ń dá màlúù padà. Kùmọ̀ kan wà lókè. Caleb kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ wo ojú Bùrọ̀dá Basit. Wọn ò mọ eré ṣe." Mo ní, "Wọ́n ti kọ́ wọn." Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká béèrè lọ́wọ́ Ìyá Wàhálà." Mo ní, "Jókòó, Caleb. Ohun tí wọ́n ń dúró kí a ṣe gan-an nìyẹn." Ọmọ náà jókòó, nítorí èmi ni ọ̀gá rẹ̀, èmi ni mo sì kọ òfin.

Basit wà nínú àwòrán mẹ́rin lórí ìdúró, títí di aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. O ti sọ fún ọlọ́pàá ohun tí wọ́n ń bi yín: "Ta ló rán yín? Ta lẹ ń fi fọ́tò wa hàn?" Bí Basit bá ní òṣùpá lẹ fẹ́ lọ, wọ́n á tún lù ú, wọ́n á ní ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń fi òkú àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú àwòrán tó tẹ̀lé e, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Àdá ti wọ èjìká rẹ̀, apá ọ̀tún rọ̀ wálẹ̀ bí ẹ̀ka tí ìjì ṣẹ́ tí kò tíì já. Apá òsì ṣì nà síwájú rẹ. Èyí tó kàn, ojú ọ̀run nìkan ni, nítorí ẹnìkan ti gbé Alákàn, ó ti là á mọ́lẹ̀. Ibi tí àwọn ṣọ́jà ń dúró sí lójú ọ̀nà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ sí kòtò yẹn. Nọ́ńbà wọn wà lára ògiri lókè fóònù. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ọmọ́délé, mo ti ṣe ìṣirò náà lálaalẹ́, kì í yí padà.

Ojú ọ̀run yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ojú ìwé kẹrìnlá nínú ìwé ètò wa ni: bí Alákàn bá ṣubú sẹ́yìn, na ọrùn rẹ̀ kí ó fi ti ilẹ̀, yí ẹsẹ̀ ọ̀tún, tan iná, wo yíká. Inú mi dùn. Jọ̀ọ́, ka èyí lẹ́ẹ̀kejì, nítorí òun gan-an ló mú kí n kọ lẹ́tà yìí: inú mi dùn. Oṣù mẹ́fà la fi kọ ojú ìwé yẹn, a kò sì tíì rí i lò rí. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo ní kí Caleb fi àṣẹ náà ránṣẹ́. Ó dé ọ̀dọ̀ Alákàn ní méjìlá ku ìṣẹ́jú méjì. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún lẹ́yìn tí o ti ké pè mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù mí lọ. O ní o gbé ọwọ́ òsì bo orí, àdá sì gé e ní ọrùn ọwọ́, pé o rí i tó bọ́ sínú ẹfun, àwọn ìka rẹ̀ ṣì ń ká kò. O ní Ọ̀jẹ̀túndé ti gbé àdá sókè lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n ti pa na ọrùn, tó ti ara rẹ̀ dìde, tó tan iná, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí tíṣà tó ń pe orúkọ. Ẹnìkan kígbe, "Wọ́n ń wò wá! Wọ́n ti rí ojú wa!" Wọ́n sì tú ká sínú oko ẹ̀gẹ́, wọ́n fi bàtà sílẹ̀. Àwòrán tó wọlé sí wa lẹ́yìn náà, ojú Ọ̀jẹ̀túndé ló kún un. Àwòrán yẹn ni ọlọ́pàá fi mú un. Mo ti wò ó títí. Ẹ̀jẹ̀ Basit wà ní àgbọ̀n rẹ̀, omijé sì wà lójú rẹ̀. Kò jọ ojú apànìyàn tí mo ti ń kà nínú ìwé. Ó jọ ojú ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń dá sunkún.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀ṣúnkẹ́mi wọlé. Ó ti wà nísàlẹ̀ láti nǹkan bí ìdajì wákàtí, ó ń bá jẹnẹrétọ̀ jà, ọ́ìlì dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní, "Ìyá Wàhálà, o fẹ́ pa wá lónìí! Ṣùgbọ́n a gbé e dìde." Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo mí. Ó ki ọwọ́ sínú báàgì rẹ̀, ó kó àpò lẹ́tà mẹ́rin jáde, gọ́ọ̀mù wà lẹ́nu gbogbo wọn. Ó ní, "Èmi ò tíì tú ìkankan o."

N kò rántí bí mo ṣe dé kòtò. Mo rántí pé ẹ̀jẹ̀ orí ẹfun kì í rí bí ẹ̀jẹ̀ orí ilẹ̀ pupa wa. Ilẹ̀ pupa á mu ún, á sì gbàgbé. Ti orí ẹfun dúró bí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Àwọn ṣọ́jà ti ń gbé ọ sínú ọkọ̀, bẹ́líìtì Basit ni o fi di apá rẹ. Basit fẹ̀yìn lélẹ̀, ojú rẹ̀ là, eruku funfun bo ẹyinjú náà, kò sì ṣẹ́jú. Táyà tó jókòó lé lọ́jọ́ ejò ṣì wà níbẹ̀, kò jìn sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo sì dúró díẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ohun tí mo ń dúró dè ni pé kí ó bú sẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, ìyìn ni mo ń jẹ, ìyìn ni mo ń mu. Pásítọ̀ ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló fi àṣẹ yẹn sí mi lọ́kàn. Mo bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé bí Ó bá wà nínú yàrá wa ní méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, níbo ló wà ní méjìlá ku ogún? Ó ní kí n má dán Olúwa wò. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìdánwò ló kó wa dé ibi tí a wà yìí." Ó gbàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín, n kò sì mọ èyí tí mo ṣe àmín sí.

Caleb, ọmọ rere, ní kí n ya ojú ìwé ọjọ́ náà kúrò. "Ẹ̀gbọ́n, èmi àti ẹ̀yin nìkan la mọ̀. Bùrọ̀dá Ọmọ́délé fẹ́ràn yín. Kí lẹ fẹ́ bà á jẹ́ fún?" Ó di ìwé náà mú, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rù, kì í jẹun, ó máa ń ṣí àwòrán kẹta yẹn wò bí ó bá rò pé n kò rí òun. Bí o bá fẹ́ bínú sí ẹnìkan, má bínú sí Caleb. Òun ló ríran.

Lánàá mo lọ sí Ilobi, sọ́dọ̀ Mùínátù, ìyàwó Basit. Mo rò pé òun ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Ó jókòó lórí ẹní nínú opó rẹ̀, mo sì sọ ọ́ fún un láìfi ìkan pamọ́. Ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Kí ló sọ?" Mo ní, "Ó ní, ẹ má pa á, oníṣẹ́ ni, ẹ gbọ́ mi ná." Ó tún un sọ lábẹ́ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó fọ́ mi létí, ẹ̀jẹ̀ yọ nínú ètè mi. Ó ní, "Ìyẹn fún pé ẹ pa fóònù." Ó tún fọ́ mi. Kò sọ ohun tí ìyẹn wà fún, n kò sì béèrè. Nígbà tó jókòó padà, ó ní, "Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, kí ẹ padà wá. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jókòó síwájú yín. Ẹ ó sọ ọ̀rọ̀ tí bàbá wọn sọ fún wọn, ẹ ó sì sọ ohun tí ẹ̀yin náà ṣe. Wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu ẹlòmíràn." Mo gbà.

Ojú ìwé náà wà nínú lẹ́tà yìí, èyí tí mo fi ọwọ́ mi kọ, kì í ṣe ẹ̀dà. Lọ́la, ẹgbẹ́ wa fẹ́ jókòó lórí ẹni tí yóò jókòó sórí àga àṣẹ nígbà tí ọkọ̀ bá gbéra lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n ní èmi ni, pé ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Mo ti sọ fún wọn pé n kò ní dáhùn àfi bí o bá ti kà á. Ìwọ ni kí o sọ ọ́, nítorí ìwọ ni ẹni tí ọwọ́ mi kò gbọ̀n sí. Ní ti ọjọ́ Àìkú, n ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, n ó jókòó sẹ́yìn. Bí Pásítọ̀ bá pè mí, n ó jáde, n ó sì sọ ohun tí mo kọ síbí ní iye ìṣẹ́jú tó gbà. Bí o bá ní kí n dákẹ́ nítorí Àṣìkẹ́ àti ọmọ rẹ, n ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n n kò ní gba ọpẹ́. Má sì ṣe yára dárí jì mí. Mo mọ̀ ọ́, o kì í pẹ́ dárí jini, mo sì ń bẹ̀rù pé bí ó bá yá jù, n ó tún rò pé eré ni.

Kí Olúwa tó dá apá tó kù sí fún ọ fi okun ti méjì sínú rẹ̀. Kí ilé rẹ má ṣófo, kí ohùn Ìtẹ́olúwakìíṣí máa kí ọ káàbọ̀ títí yóò fi ju ìyá rẹ̀ lọ. Kí a má ké pe ẹni tí kò ní gbọ́ wa. Kí àwa náà má jẹ́ ẹni tí a ó ké pè lásán.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti orí bẹ́ǹṣì kan náà ní kíláàsì kìíní,
Túnbọ̀sún.

Àfikún: Mo ti kọ ewu kejìlélógójì sínú ìwé ètò: ènìyàn. Mo sì fa òfin mi pa. Láti ìsinsìnyí lọ, igbe kì í ṣe ohun ìdánwò, ẹni tó bá gbọ́ ọ á dìde. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ti dáná sun àwọn àpò lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìtú wọn. Alákàn wà lórí tábìlì níhìn-ín. Ẹfun ṣì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ohun tó pọ́n nínú ẹfun náà, mo sì ní kí Caleb má tíì nù ún. Lẹ́ẹ̀kan mo fi àṣẹ ojú ìwé kẹrìnlá ránṣẹ́ sí i, mo sì dúró fún ìṣẹ́jú méjì. Ó na ọrùn, ó tan iná sí mi lójú. N kò gbójú kúrò. Mo ti ya páálí kúrò lójú fèrèsé, ilẹ̀ sì ti mọ́ dé orí tábìlì yìí. Mo pa àtùpà.